Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Dókítà

Àbúrò mi ọkùnrin ń kun mọ́tò ní Òkokomáíkò, èmi sì ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbà. Ayé àwọn sójà là ń jẹ nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní èrìgì rẹ̀ bó bá ń fọ eyín, ara rẹ̀ sì ń yọ àpá dúdú bí ẹni pé wọ́n lù ú. A kọ́kọ́ ní ibà ni. Lẹ́yìn náà a ní òórùn ọ̀dà ni. A mọ gbogbo nǹkan tán nínú ilé wa.

Ní ọsibítù ńlá kan nígboro, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbọọrọ fa mùdùnmúdùn nínú egungun ìbàdí rẹ̀, wọ́n ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní wọ́n máa ń gba mùdùnmúdùn lára ọmọ ìyá ẹni fún aláìsàn, ṣùgbọ́n òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é, ká má wulẹ̀ dá ara wa láàmú. Èyí tó kù fún wa ni abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró, ká sì máa fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára bí tirẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀.

Inú fúlásíìkì oníyìnyín la ti ń gbé abẹ́rẹ́ náà, nítorí kò fẹ́ ooru. Bí wọ́n bá ti gún un tán, èmi ni mo máa ń di abọ́ mú tí yóò máa bì sí. Irun rẹ̀ rẹ̀ dànù. Ó ní, “Àǹtí, ẹ wo orí mi, ó ń dán ju mọ́tò tí mo kùn lọ.” Mo rẹ́rìn-ín, mo sì wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Màámi kò bá ọsibítù jà. Wọ́n á gbàdúrà sí oògùn kó tó lò ó, ó parí. Ẹ má dá ìjọ lẹ́bi nínú ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ìtọ́jú náà, dókítà pe èmi nìkan wọlé, àbúrò mi wà lórí bẹ́ńṣì níta. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ́. Mo ti fẹ́ dìde. Ó ní kí n jókòó. Ó ní oògùn ṣì kù tí yóò lò fún ohun tó lé ní ọdún kan. Bó bá fi dáwọ́ dúró, àìsàn náà yóò padà, bó bá sì padà, oògùn yìí lè má ràn án mọ́.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, mo sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé tí a bá dé Ìyànà-Ìbà, màá sọ ìyókù. Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Mi ò sọ ìyókù náà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó jáde síwájú pẹpẹ, ó jẹ́rìí. Ní ìjọ wa, kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹni tó jẹ́rìí ìwòsàn má lo oògùn mọ́. Ojú ni yóò máa ti òun fúnra rẹ̀ láti lò ó. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé oògùn fún un.

“Àǹtí, lẹ́yìn ẹ̀rí? Ṣé dandan ni?”

“Dókítà ní kí o máa lò ó.”

Ibi tí mo sọ̀rọ̀ mọ nìyẹn. Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Kì í ṣe nínú ọ̀rọ̀ àìsàn. Irun rẹ̀ ti ń hù, ó ń jẹun, abọ́ èébì ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti rẹ̀ mí. Èmi náà fẹ́ kí ẹ̀rí yẹn jẹ́ òótọ́, mo fi oògùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì lò ó mọ́.

Kò pé oṣù márùn-ún tí èrìgì rẹ̀ fi tún ń ṣẹ̀jẹ̀. Oògùn àkọ́kọ́ kò mú un mọ́, dókítà kò sì bú mi, ó kàn wò mí. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, àbúrò mi bi mí léèrè.

“Àǹtí, lọ́jọ́ tí dókítà pè yín wọlé, ṣé ó sọ pé ó lè padà?”

“Ó sọ ọ́.”

Ó kọjú sí ògiri. Mo ń dúró de èébú, torí ó tọ́ sí mi. Ó ní, “Ẹ má jẹ́ kí Màámi gbọ́.”

Ó kú lọ́sẹ̀ yẹn. Títí dòní, bí Màámi bá ń fi mí han àlejò, wọ́n á ní, “Èyí ló tọ́jú àbúrò rẹ̀ títí ó fi kú, kò fi nǹkan kan dù ú.” Màá kí àlejò náà, màá sì lọ bu omi wá fún un.