Ojú Tó Ń Ṣọ́ Ọmọ Mi Nínú Ọkọ̀

Lẹ́yìn tí ìyá àwọn ọmọ mi kú, ọmọbìnrin wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Sokodé wá gbé mi lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó tọ́jú mi, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, èmi àti ilẹ̀kùn ọgbà la máa ń wo ara wa títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó ní ká lọ kí àwọn ará ilé ní Kambolé, ká sì jọ padà. Mo ti mọ̀ nínú mi pé n kò ní padà. Bí n ó ṣe sọ fún un ló kù.

Ọkọ̀ tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ fún un jẹ́ irú èyí tó ń bá awakọ̀ darí ara rẹ̀ lójú ọ̀nà ọ̀dà. Òun ló ń wà á. Bá a ṣe kúrò ní Sokodé, mo ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ilé wa yẹn..."

Ó tẹrí ba bí a ṣe kọ́ ọ, ó wo ilẹ̀. "Mo ń gbọ́, Bàbá."

Ọkọ̀ ké pín-ín, pín-ín!

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún wo ilẹ̀. Ọkọ̀ tún ké.

"Ta ló ń dá sí ọ̀rọ̀ wa?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ojú kékeré kan ló wà níwájú mi níbí, Bàbá. Ó ń ṣọ́ mi kí n má sùn. Tí mo bá wo ilẹ̀, ó rò pé oorun ni."

"Háà! Ṣé kò sí àgbà nílé àwọn tó ṣe é ni? Ọmọ tó ń bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ ló pè ní olóorun?"

"Ẹ má bú u o. Bóyá ó gbọ́ èdè wa."

A ti kọjá Tchamba kí n tó sọ pé, "Gbé ojú sókè. Máa wo iwájú, kí o fi ẹnu nìkan dá mi lóhùn. Mo yọ̀ǹda fún ọ."

Ó gbójú sókè. Ọkọ̀ dákẹ́. Òun ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Ẹ ò fẹ́ bá mi padà, àbí?"

"N kò fẹ́."

Ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́nà. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Màmá ti lọ. Tí ẹ bá sùn tí ẹ ò jí, ta ni yóò mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn la ń sọ tí a fi dé ilé.

Lọ́jọ́ kejì, àárẹ̀ ọ̀nà kò jẹ́ kí n lọ kírun àsùbáà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ladání tó ń pe ìrun fi ń kan ilẹ̀kùn: "Bàbá, ṣé kò sí o? A ò rí yín ní mọ́sáláṣí!" Ọmọ mi ṣì ń dá a lóhùn nígbà tí aládùúgbò wa obìnrin gbé ògì gbígbóná dé. Ọlọ́kadà tó ń ná ọ̀nà Goubi náà dúró, kò pa ẹ̀rọ: "Bàbá ńkọ́?" Mo mọ orúkọ gbogbo wọn, mo mọ ti bàbá wọn pẹ̀lú. N kò ní kọ wọ́n síbí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo pe ẹlòmíì ṣáájú òun.

Ọmọ mi wọlé tọ̀ mí wá lórí ibùsùn, níbi tí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ti ṣófo. "Bàbá, àwọn wọ̀nyí mọ ìṣọ́ ju ọkọ̀ mi lọ."

"Wọ́n tún ń gbé ògì wá."

Òun nìkan ló padà. Kó tó wọ ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi pé ó dìgbà. Ó wo ilẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ bó ṣe wù ú. Kò sí ohun tó ké.