Ègbè Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ hù pé, Òkòkómáíkò kò tíì rí bí ẹ ṣe ń wò ó yìí. Igbó ló pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń lọ sí Ọ̀jọ́ láti ilé wa á gba ọ̀nà ẹsẹ̀ oníyanrìn, ẹni tó bá sì ń lọ sí Ìbà á la oko ẹ̀gẹ́ kọjá kó tó rí ilé míì. Bíríkìlà ni bàbá mi, àwọn náà sì ni olórí ẹgbẹ́ afọnfèrè ní ìjọ aláṣọ funfun tí à ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ irú ìjọ wa mọ̀ pé a kì í wọ bàtà wọlé, a kì í sì í kọrin tútù. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Tùrọ́mpẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ohun kan ṣoṣo tí kò bá wọn mu ni kilarinẹ́ẹ̀tì kan, fèrè dúdú gígùn tí wọ́n fi igi ṣe, tí ẹnì kan fi ta ìjọ lọ́rẹ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Bí àwọn tùrọ́mpẹ́ẹ̀tì bá ti gbóhùn sókè, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹni tó gbé e sẹ́nu ń fọn ún ni àbí ó ń jẹ ẹ́. Èmi ni wọ́n wá gbé e fún. Mo kéré, mo jẹ́ obìnrin, bàbá mi sì gbà pé kò sí ohun tí mo lè bàjẹ́ níbẹ̀. Títí di òní ni mo ń dúpẹ́ pé wọn ò kà mí sí.

Nínú ilé tó kángun sí tiwa ni bàbá arúgbó kan ń gbé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ṣọ́jà. Wọn ò yìnbọn rí láyé wọn o. Fèrè ni wọ́n fọn fún àwọn ológun títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kilarinẹ́ẹ̀tì sì ni fèrè ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá fèrè ìjọba padà, àpótí irin kan tó kún fún ìwé orin ni wọ́n gbé bọ̀ wálé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbọ́ mi ní ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n sì yọrí lójú fèrèsé.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni fèrè yẹn ṣe fún ẹ?"

"Mò ń práktíìsì ni, sà."

"Ó ń sunkún. Gbé e wá."

Bí mo ṣe di ọmọ ilé wọn nìyẹn. Wọ́n kọ́ mi bí eyín òkè ṣe ń jókòó lé ẹnu fèrè, tí ètè ìsàlẹ̀ á sì máa rọra gbà á. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń tọ́jú ìféfé, ìyẹn pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a ń dè mọ́ ẹnu fèrè, tó jẹ́ pé gbígbọ̀n rẹ̀ ló ń di ohùn. Ẹyọ kan péré ni a ní. Àárín Bíbélì ìyá mi ni mò ń fi í sí kó má baà tẹ̀.

Àpótí yẹn ni ẹ̀kọ́ mi. Bàbá Ṣọ́jà pín ìwé inú rẹ̀ sórí ẹní. Wọ́n ní àwọn kan jẹ́ àdáfọn, fún kilarinẹ́ẹ̀tì nìkan, láìsí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan wà fún òun àti dùrù. Àwọn tó kù ni wọ́n ń pè ní orin yàrá. Ènìyàn mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún ló ń ṣe é nínú yàrá kan, olúkúlùkù pẹ̀lú ohùn tirẹ̀, kò sì sí ọ̀gá kankan tó ń ju ọ̀pá níwájú wọn. Mo béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n ń gbọ́ ara wọn ni," ni Bàbá Ṣọ́jà wí. "Wọ́n á wojú ara wọn, wọ́n á mí pọ̀, wọ́n á wọ inú orin."

Nígbà tí kò sí ẹlòmíì tó lè bá mi ṣe é, wọ́n fi ẹnu ara wọn ṣe àwọn tó kù. Wọ́n á ké bíi fáolíìnì, wọ́n á kùn bíi gòjé ńlá, ikọ́ á sì gbé wọn lójijì láàárín rẹ̀, a óò dúró kí ikọ́ lọ, a óò máa bá a lọ. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé èjìká sókè, wọ́n á fa èémí, èmi náà á fà á pẹ̀lú wọn. Ọdún méjì la fi rin inú àpótí yẹn já. Níbi tí ikán bá ti jẹ ìwé, wọ́n á sọ pé ká fi èyí tó bá dára lójú wa dí i.

Àfi bí bàbá mi ṣe délé lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní ìjọ kan ní Ìjànìkin fẹ́ gba kilarinẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì fún wa ní tùrọ́mpẹ́ẹ̀tì dípò rẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n máa gbé e lọ. Mo sunkún débi pé mi ò lè jẹun. Bàbá Ṣọ́jà gbọ́, wọ́n dé fìlà, wọ́n wá sílé wa.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí dá fọn lọ́jọ́ ìkórè," ni wọ́n wí.

"Kó dá fọn kẹ̀?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Tó bá dá fọn, ta ló máa gbè é?"

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ìjọ ò bá gbà á, èmi gan-an ni màá bá yín gbé e dé Ìjànìkin."

Bàbá mi ò lè kọ̀ sí àgbà lẹ́nu. Bàbá Ṣọ́jà mú orin àdáfọn kan fún mi. Láàárín rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan wà tí wọ́n kọ sínú ìwé bí wọ́n ṣe kọ ohùn sí i. Mo gbọ́dọ̀ ka oókan dé ẹẹ́jọ nínú ọkàn mi kí n tó tún fọn. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni orin náà wà, wọ́n ní ẹni tó bá lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù ti di afọnfèrè. A práktíìsì ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ju fífọn lọ. Ohun kan ṣoṣo tí àwa méjèèjì ò rò ni irú ènìyàn tí àwọn ará ìjọ wa jẹ́.

Nínú ìjọ wa, bí ẹni tó ń kọrin níwájú bá dákẹ́ lójijì, a kì í fi í sílẹ̀ kí ojú tì í. A gbà pé ọ̀rọ̀ há a lọ́fun ni. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn á gbé ègbè, gbogbo ilé á bá a gbé e, títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀.

Ọjọ́ ìkórè pé. Wọ́n so ìrèké àti iṣu mọ́ àwọn òpó, mo sì dúró láìwọ bàtà lórí sìmẹ́ǹtì tútù. Mo fọn ún. Ìdajì àkọ́kọ́ lọ geere. Mo dé ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́, mo gbé fèrè kúrò lẹ́nu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mi ò tíì ka ẹẹ́rin tí ìyá kan fi gbé ègbè láti ẹ̀yìn, ègbè tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ká tó pajú pẹ́, gbogbo ìjọ ti gbà á, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àánú mi ń ṣe wọ́n.

Mo rò ó pé ó parí nìyẹn, fèrè ti lọ. Mo wo Bàbá Ṣọ́jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo rò pé inú á ti bí wọn. Ìka kan ni wọ́n nà sókè sí mi, pé kí n dúró. Wọ́n ń tẹ́tí sí ègbè náà. Nígbà tó ku díẹ̀ kó balẹ̀, wọ́n gbé èjìká sókè, wọ́n fa èémí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lórí ẹní. Mo fà á pẹ̀lú wọn. Ibi tí ohùn ìjọ balẹ̀ sí ni mo ti gbé fèrè, mo rọra padà sínú ìwé láti ibẹ̀, mo sì fọn ún dé òpin. Nígbà tí mo ṣe tán, tùrọ́mpẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ bàbá mi, wọn ò rántí fọn ún.

Lẹ́yìn ìsìn, bàbá mi wá bá Bàbá Ṣọ́jà. "Ibi tí wọ́n ti gbè é yẹn, ṣé ó wà nínú ìwé?"

Mo gbàdúrà pé kí Bàbá Ṣọ́jà purọ́.

"Kò sí níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló wà níbẹ̀. Ọmọ yín ló gbọ́ wọn, tó dúró dè wọ́n. Ohun tí mo fi ọdún méjì kọ́ ọ nìyẹn."

"Kí àwọn ará Ìjànìkin máa fọn tùrọ́mpẹ́ẹ̀tì wọn, jàre," ni bàbá mi sọ.

Fèrè yẹn ni mo fi jẹun. Mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lórin títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Bàbá Ṣọ́jà kú, èmi ni wọ́n fi àpótí irin náà sílẹ̀ fún, ó sì wà nínú pálọ̀ mi ní Ìbà báyìí. Oko ẹ̀gẹ́ ti di ilé, ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n ń rà bọ̀ láti Àlàbá ò sì jẹ́ ká gbọ́ ẹyẹ mọ́. Eyín tí mo fi ń fọn fèrè ti lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe aláìmoore sí ayé òde òní. Gbogbo ohun tí ikán jẹ nínú àpótí yẹn ló pé pérépéré nínú fóònù ọmọ ọmọ mi. Mo ti gbọ́ àwọn fáolíìnì tí Bàbá Ṣọ́jà fi ẹnu ṣe fún mi. Wọ́n dùn, kò kàn sí ikọ́ níbẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà bá mi wá orin àdáfọn ọjọ́ ìkórè yẹn rí. Mo di ojú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dé, ẹni tó ń fọn ún sì dákẹ́ dáadáa. Èmi ni mi ò lè dákẹ́. Mo gbé ègbè.

"Màmá, orin ò tíì tán o," ni ọmọ náà wí.

Mo ní mo mọ̀. Mo sọ ìtàn náà fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó dá orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó wá jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tún dé, mo gbé èjìká sókè, mo fa èémí, ó fà á pẹ̀lú mi, a sì jọ gbè é. Afọnfèrè inú fóònù ò mọ̀ wá rí, ṣùgbọ́n nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, ó dà bíi pé ó ti dúró dè wá.