Ìwé Kòtò Tí Mo Kọ

Mo ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì nígbà tí ọmọ mi obìnrin gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi. Ìrẹsì ilẹ̀ wa ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti ti ẹnubodè pa, ti òkèèrè ti di ohun tí a kàn ń fi ẹnu sọ. Mo ti ṣa ìdajì atẹ. Ọmọ náà ní olùkọ́ àwọn ní kí àwọn fi "see eye to eye" ṣe gbólóhùn mẹ́ta, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́.

"Màmá, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an?"

"Kí àwọn èèyàn fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan."

Ó kọ èkíní pé èmi àti òun fohùn ṣọ̀kan pé ẹ̀bà kò dára lálẹ́. Irọ́ ni, alaalẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ó kọ èkejì pé bàbá òun àti ẹ̀gbọ́n wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ilẹ̀ oko. Mo ní kó tètè pa ìyẹn rẹ́. Ó fi bírò ha orí díẹ̀, ó wá ní:

"Mo ti rántí ẹ̀kẹta. Gbogbo àdúgbò wa fohùn ṣọ̀kan. Ṣé bí ẹ ṣe kọ ọ́ sínú ìwé kòtò yẹn náà nìyẹn?"

Ọwọ́ mi dúró lórí atẹ.

Nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà ńlá, ọ̀nà oko tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá ló di ọ̀nà ọkọ̀. Àwọn ọlọ́kadà a di àpò ìrẹsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé ẹ̀yìn alùpùpù kan, wọn a sì máa sáré bí ẹni tí iná ń lé. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọmọ mi yìí lẹ́nu ọ̀nà wa. Àdúgbò pe ìpàdé pé kí a kọ̀wé sí ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà lójú ọ̀nà, kí wọ́n bá wa fi ẹ̀rọ gbẹ́ kòtò dí ọ̀nà náà. Èmi ni wọ́n yàn láti kọ ọ́. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo sì ń ta ìwé àti bírò lọ́jà Ọjà-Ọ̀dàn, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ bá ti di Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ní nǹkan mìíràn láti sọ ní ìpàdé náà. Ìyá àgbàlagbà tí ilé wọn kángun sí tiwa ni, àwọn tó ń sá láfún. Orúnkún ń dùn wọ́n, igi ni wọ́n fi ń rìn. Àbíkẹ́yìn wọn obìnrin wà nílé ọkọ lábúlé kan lódìkejì ẹnubodè, ní apá Pobẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ó lóyún àkọ́bí, ọ̀nà oko yẹn nìkan ló sì kù tí wọ́n lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ẹ gbẹ́ ẹ, n ò ní kí ẹ má gbẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹ fi ibi tí ẹsẹ̀ á gbà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo wí o, mi ò sọ pé ọ̀kadà."

Ọkùnrin kan pariwo látẹ̀yìn: "Màmá, àbí ẹ̀yin náà ti ń ru ìrẹsì ni?"

"Bí mo bá ń rù ú, ṣé ìwọ kọ́ lo máa kọ́kọ́ wá rà á láwìn?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá alága nu ojú nù, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Akọ̀wé, fi ti Màmá sí i."

Mo fi sí i. Nígbà tí mo délé tí mo kọ ìwé náà lẹ́ẹ̀kíní, ọ̀rọ̀ wọn wà nínú rẹ̀. Mo kà á, kò wù mí. Ó dà bí ìwé ẹni tó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, tó tún ní kí wọ́n má tì í. Mo mú abala mìíràn, mo tún un kọ, mo fò ó. Ibi tó yẹ kó wà ni mo kọ "we all see eye to eye" sí. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa ka gbólóhùn tí mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe sétígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì, ó sì yìn mí. Láti ìgbà náà n kò tíì rí ibi tí mo lè lò ó sí.

Mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì níwájú àwọn ará àdúgbò. Wọ́n pàtẹ́wọ́, bí wọ́n ṣe máa ń pàtẹ́wọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó kan Màmá láti tẹ̀ka, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sétí mi.

"Ìyàwó, ọ̀rọ̀ mi wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

Èmi fúnra mi ni mo di àtàǹpàkò wọn mú, tí mo tì í bọ tàdáwà, tí mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.

Kòtò tí wọ́n gbẹ́ jìn ju ìdúró ọkùnrin lọ. Àwọn géńdé àdúgbò fi pákó lé e nítorí Màmá, àwọn ẹ̀ṣọ́ yọ ọ́. Wọ́n ní ìwé wa wà lọ́wọ́ àwọn, kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ tí àbíkẹ́yìn Màmá bí lórúkọ, mo rí Màmá láti ojú fèrèsé ilé ìdáná mi. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti lé tìróò, wọ́n dúró létí kòtò pẹ̀lú ẹrù aṣọ ọmọ àti ọṣẹ. Àna wọn dúró ní òdìkejì. Wọ́n ju ẹrù náà sí i. Aṣọ dé ọwọ́ rẹ̀, ọṣẹ já sínú kòtò. Màmá padà sílé. N kò jáde lọ kí wọn.

Ogójì ọjọ́ ọmọ náà ti kọjá nígbà tí ọmọ tèmi wá béèrè ọ̀rọ̀ ilé ìwé rẹ̀. Mo gbé atẹ sílẹ̀. Mo ní kó dúró dè mí.

Màmá jókòó lórí àpótí, wọ́n ń yí láfún padà lórí ọ̀rá. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ọ̀rọ̀ yín kò sí nínú ìwé yẹn. Mo yọ ọ́. Ẹ bi mí, mo sì purọ́ fún yín."

Wọn kò gbójú sókè. "Alága ló ní kí o yọ ọ́?"

"Rárá, Màmá. Èmi ni."

"Kí lo wá fi sí ipò rẹ̀?"

"Pé gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan."

"Tèmi tìrẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Wọ́n mú ìṣù láfún kan, wọ́n fi ọwọ́ fọ́ ọ títí ó fi kúnná. "Wọ́n ní ọmọ náà jọ mí," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní ẹkún rẹ̀ gan-an, Faransé ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Mo ní n ó kọ ìwé mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú, n ó bẹ̀bẹ̀ fún pákó náà, n ó sì sọ nínú rẹ̀ pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe.

"Kọ ọ́ ní Yorùbá. Wọn ò ní ṣàìrí ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn."

"Ẹ ṣé, Màmá. N ó gbé e wá, n ó kà á fún yín kí ẹ tó tẹ̀ka."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wò mí.

"Rárá, ìyàwó. Fi rán ọmọ rẹ sí mi, kí òun kà á. Ìwọ dúró sílé."