Àwọn Tí Mo Kúnlẹ̀ Kí ní Lọ́ńdọ̀nù

Òórùn kàfúrà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá mi, tó ń ta léèsì ní ọjà Bọ́ládé, ti ṣí àpótí aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín yàrá wa ní Ṣógúnlé. Owó epo rọ̀bì ti dé nígbà náà. Àwọn bàálù tó ń fò kọjá lórí òrùlé wa kì í ṣe ti olówó ńlá nìkan mọ́. Ọjà ló fẹ́ lọ rà, ṣùgbọ́n ó ṣèlérí pé òun á mú mi wo ìlú, títí dé ààfin ọba.

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ó wí. "Bí o bá dójú tì mí níbì kan pẹ́nrẹ́n, o ò ní fojú kan ààfin."

Mo ti sọ fún gbogbo kíláàsì mi pé màá rí àwọn ṣọ́jà onífìlà onírun. Ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe kékeré.

Nígbà tí a débẹ̀, àbúrò ìyá mi, Bọ̀ọ̀dá Ṣínà, tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́kọ́ mú wa lọ sí ilé ère ìda. Kò sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Bàbá arúgbó kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Kò dáhùn. Mo tún un kí.

"Rónkẹ́, ère tí wọ́n fi ìda mọ ni o!" Bọ̀ọ̀dá Ṣínà bú sẹ́rìn-ín. "Wàá pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn."

Ojú tì mí, inú sì tún ń bí mi, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Mo pinnu pé n kò ní kí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó mọ́. Nígbà tí mo rí ìyá àgbà kan lórí bẹ́ńṣì, tòun ti ìró àti gèlè, tó tẹjú mọ́ ògiri, mo ní àwọn òyìnbó yìí mà gbọ́n o, wọ́n mọ ère tiwa náà mọ́ ọn. Mo fìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹran lò ń yẹ̀ wò ni?" ère náà bi mí.

Ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. A ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Mo mọ̀ pé ààfin ti lọ. Mo fi ẹkún ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: bàbá tí mo kí, ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín, ààfin tí n kò ní rí mọ́.

Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi fẹ́ tú. "Ọmọ tó kúnlẹ̀ fún ìda! Ṣé èmi ni irú ẹ̀ máa wá rí fín? Dìde jàre, ìyá ẹ̀. Mú un lọ síbi tó fẹ́ lọ."

Ta ni yóò kọ ọ̀rọ̀ àgbà? Lọ́jọ́ kejì, mo dúró níwájú ààfin. Ṣọ́jà kan wà níbẹ̀, ó dúró ṣánṣán, kò ṣẹ́jú. N kò bi ẹnikẹ́ni bóyá èèyàn ni tàbí ère. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo dìde, mo bá tèmi lọ.

Mo ti gboyè yunifásítì báyìí, mo sì tún ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ lọ́la. Bí mo bá ti kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn tábìlì, ojú wọn ni mo máa ń wò, kí n mọ̀ bóyá ohùn mi gbọ̀n, bóyá wọ́n ti kọ̀ mí. Ọmọ tó kúnlẹ̀ kí ṣọ́jà yẹn ò mọ ìwé tó mi. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí èèyàn bá ti kí tán, ó ti ṣe tirẹ̀. Lọ́la, màá kí wọn, màá sì jókòó.