Mọ́tò Àlòkù Tí A Fi Lọ Gbé Yèyé Mi

Bí mo bá rántí ọdún yẹn, ọyẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ rí. Ó bo gbogbo Ìsọlọ̀ bí aṣọ funfun, àwọn ilé á máa yọ jáde nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ohun téèyàn ń rí lójú àlá. Owó epo rọ̀bì ti wọ̀lú. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lánàá, mọ́tò tuntun ló ń gùn lónìí. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé ìjọba ni ọkọ mi, èmi ń kọ́ ọmọ ní pírámárì, oyún àkọ́bí mi sì ti wọ oṣù kẹjọ.

Yèyé mi ni mo fẹ́. Èkìtì ló wà, òun ló sì yẹ kó wá máa wẹ ọmọ fún mi. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, kò lè gun lọ́rì mọ́, àfi ká fi mọ́tò kékeré lọ gbé e. Mo máa ń jókòó sójú fèrèsé lọ́sàn-án, màá máa rí i bó ṣe ń da omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sára ọmọ tí mi ò tíì bí, omi á sì lé ròrò sójú mi.

Mẹkáníìkì kan l'Óṣòdì ló kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ó ní, "Àlòkù lẹ fẹ́ rà, owó yín ò sì pọ̀. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bo ẹ́ńjìnnì. Bó bá gbóná, ẹni tó ń tà á ti ṣe wàhálà kí ẹ́ńjìnnì tó jí, kẹ́ ẹ tó dé, torí kì í tètè jí láàárọ̀. Ẹ yáa máa lọ sílé yín."

Bàbá arúgbó kan tó ń taṣọ ní ọjà Aswani ló ní ọ̀kan tí apá wa ká, aláwọ̀ sánmà. A débẹ̀ ní kùtù. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàdúrà fún oyún mi: a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ta ló máa wá na ọwọ́ sí mọ́tò àgbàlagbà tó ń wúre fún un, bí ẹni tó ń tú àpò olè? Ojú ti ọkọ mi. Ó ṣẹ́jú sí mi. Mo ṣe bí ẹni tó ti rẹ̀, mo fi ìbàdí ti bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ó gbóná. Kódà, ó tù mí lára nínú ọyẹ́ yẹn. Mo dijú, mo rí Yèyé mi nínú mọ́tò náà, tí gèlè rẹ̀ ń kan òkè. Ọkọ mi rọra bi mí pé, "Báwo ni?" Mo ní, "Ó tutù. Ẹ sanwó fún bàbá." Irọ́ tó jìnnà sóòótọ́ ni, mo sì mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ mi gbé mọ́tò náà lọ sí Èkìtì. Ọjọ́ Àìkú ló yẹ kí wọ́n dé. Ọjọ́rú ni wọ́n tó wọlé, mo sì ti bímọ lọ́jọ́ Ajé. Gbogbo ibi tí wọ́n bá sùn lọ́nà, mọ́tò kì í jí láàárọ̀. Ọkọ mi á máa tì í láti ẹnu ìlẹ̀kùn kó lè máa darí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ti ẹ̀yìn, ni Yèyé mi bá ń bọ́ sílẹ̀ tì í.

Ẹ̀yìn ni ọkọ mi fi pọ̀n ọ́n wọlé. Orúnkún rẹ̀ ti wú, kò lè bẹ̀rẹ̀, kò lè gbé ọmọ sẹ́sẹ̀. Orí àga ló jókòó sí, ó ń fẹnu júwe, èmi ni mo wẹ ọmọ mi fúnra mi. Omi tó kù ni mo fi ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ Yèyé mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo jẹ́wọ́ fún un pé bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná lọ́jọ́ yẹn.

Ó di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Má sọ fún ọkọ rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú títì, ó ní ìtìjú ni kò jẹ́ kóun fúnra òun fọwọ́ kan mọ́tò náà kóun tó rà á."

N kò sọ fún ọkọ mi títí ó fi di olóògbé.