Rimma, Obìnrin Tó Ń Wọn Òtútù Abẹ́ Ilé

Mo fẹ́ràn àtojúbọ̀, mi ò ní sẹ́. Arseny ọkọ mi máa ń ní, "Faina, bí eku bá kọjá lójúde, wàá fẹ́ mọ ilé tó ń lọ." Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó kàwé dáadáa, tó ń bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ ilé onílé láràárọ̀, okùn lọ́wọ́, tẹmómítà lẹ́nu okùn. Ta ni ò ní yọjú wò ó?

Iṣẹ́ Rimma nìyẹn. Ní Norilsk wa, ìlú òtútù lókè àríwá ayé, orí ẹsẹ̀ ni ilé ń dúró, kò jókòó sílẹ̀. Yìnyín ni ilẹ̀ wa títí dé ìsàlẹ̀. Bí ooru ilé bá kàn án, á yọ́, ilé á sì rì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi àyè sílẹ̀ lábẹ́, tí a ń dá ihò sí ara ògiri ìsàlẹ̀ kí ẹ̀fúùfù lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Rimma á wọ abẹ́ ilé, á sọ tẹmómítà sínú páìpù irin tó wọ ilẹ̀ lọ, á dúró, á kọ ohun tó rí sínú ìwé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe é. Àwọn èèyàn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Rimma, kí nilẹ̀ wí lónìí?" Òun náà á ní, "Ó ní kẹ́ ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ ti ń wúwo jù."

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn ayé rẹ̀, torí mo bi í. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá síbí láti wá wa níkẹ́lì, nígbà tí kò tíì sí òpópónà kankan. Nígbà tí olórí ìjọba tó kó wọn wá kú, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ilé wo? Ìyàwó tó fi sílẹ̀ ti ní ọkọ mìíràn. Ó bá dúró, ó fẹ́ alágbàfọ̀ kan, wọ́n sì bí Rimma sínú ilé onípákó lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bàbà, níbi tí èéfín ti ń ta èèyàn lọ́fun tọ̀sán-tòru. Bàbá náà kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: òun mọ orúkọ àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n sì sin sábẹ́ àwọn òpópónà yìí.

Rimma lọ́kọ nígbà kan. Awakọ̀ kírénì ni ọkùnrin náà. Bíi ti gbogbo wa, ojoojúmọ́ ló ń ní òun ń lọ sí Ilẹ̀ Ńlá, bí a ṣe ń pe ìyókù orílẹ̀-èdè wa, àfi bí ẹni pé erékùṣù la wà. Ṣèbí kò sọ́nà mọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́, a kì í lọ. Òun lọ ní tòótọ́. Ó ní kí Rimma jẹ́ káwọn jọ lọ, Rimma ní ta ló máa wọn abẹ́ ilé?

Mo pariwo nígbà tó sọ ọ́ fún mi. "Torí yìnyín lo ṣe yọ̀ǹda ọkọ?"

"Faina, yìnyín ò parọ́ fún mi rí."

Lóṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, ó wá sábẹ́ ilé tiwa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan. Òkè kẹta lòun náà ń gbé nínú ilé yẹn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni èmi àti Arseny wà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó di ojoojúmọ́.

"Rimma, ṣé o sọ òrùka nù síbẹ̀ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ ń gbóná. Mẹ́rin nísàlẹ̀ òdo ló máa ń wà. Lónìí, ó ku díẹ̀ kó kan òdo. Bó bá kàn án, dandan ni kí n kọ ọ́, wọ́n á sì kó gbogbo wa jáde. Tèmi tìẹ."

Ọgọ́ta ìdílé ló wà nílé náà. Arseny fi ọdún mẹ́tàdínlógójì wa kùsà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti rọ. Níbi tí wọ́n bá kó wa lọ, ta ni á máa gbé e gun òkè?

Rimma rò pé páìpù omi gbígbóná kan ló ń jò. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń fọwọ́ tọ́ páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn gbẹ. "Ó ń dà mí láàmú," ló ń wí. "Ooru kì í ṣàdédé wá." Èmi ni mo ń bá a mú tọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo ń bi í pé kí ló rí. Ojú ò tì mí!

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tán: èmi ni. Nígbà òtútù tó ṣáájú, omi dì sínú ife Arseny lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo jáde, mo fi aṣọ òtútù àlòkù àti pákó dí ihò mẹ́fà tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa. Yìnyín rọ̀ bò ó, nígbà tó sì yọ́, ẹrẹ̀ ti bo pákó náà, kò sẹ́ni tó rí i. Ọmọ bíbí ìlú yìí ni mí o! Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ níbí pé a kì í dí ihò abẹ́ ilé. Mo mọ̀. Mo ní ọdún kan péré, kí ló fẹ́ ṣe? Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Rimma wọlé tọ̀ wá wá, ó gbé kóòtù kan tó ti dọ̀tí sórí tábìlì. Kóòtù tí Arseny ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láyé àtijọ́ ni, nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà láyà.

"Kóòtù mi kọ́ nìyẹn?" Arseny ní. "Níbo lo ti rí i?"

Ó yíjú sí mi. Kì í ṣe òmùgọ̀. "Faina, má sọ fún mi pé o ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo bú sẹ́kún. "Ẹsẹ̀ ẹ ń dì! Ṣé kí n máa wò ẹ́ ni?"

Rimma ò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó jókòó. "Mo ti tú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí òtútù bá tètè wọlé, ilẹ̀ á tún dì. Àmọ́ yàrá yìí á tutù ju ti èṣí lọ."

"Á pa á," mo ní.

"Mo mọ̀. Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa kó lọ sókè sí ọ̀dọ̀ mi. Èmi á sọ̀kalẹ̀ wá síbí."

"Ṣé orí ẹ pé, obìnrin yìí?" Arseny ní.

"Ẹsẹ̀ tèmi ṣì ń rìn. Ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa gbé ibí, kí páìpù yàrá má bàa dì."

Ọkùnrin mẹ́rin ló fi àga gbé Arseny gòkè. Ó ń ṣépè fún wọn títí wọ́n fi délé pé wọ́n gbé òun bí àpò ànàmọ́.

Ẹ ti mọ̀ mí. Nígbà tí mo ń kẹ́rù, mo rí ìwé Rimma lórí tábìlì, mo ṣí i. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ ohun tó fà á, ó kọ ọ́ pé: "Ihò afẹ́fẹ́ dí. Ẹni tó ń wọn ilẹ̀ kò yẹ̀ wọ́n wò nígbà òtútù." Òun náà ni ẹni tó ń wọn ilẹ̀!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sáré lọ sí ọ́fíìsì àwọn Rimma láti jẹ́wọ́. Ọ̀gá wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, dìde fún mi. "Ẹ̀yin ni Faina Makarovna? Àǹtí Rimma ti sọ pé ẹ máa wá. Wọ́n ní àìsàn ọkọ yín ti dà yín lọ́kàn rú, ká má ka ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sọ sí."

Mo lu tábìlì, mo búra pé èmi ni mo dí ihò náà. Ó bu tíì fún mi, ó ní kí n rọra. Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n dá Rimma dúró lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó ku ọdún kan péré kó fẹ̀yìn tì.

Mo gbéjà kò ó. "Ta ló ní kó o kú ikú mi?"

"Bí mo bá kọ orúkọ ẹ, wọ́n á lé yín jáde. Bàbá mi wà lára àwọn tó gbẹ́ ihò tí wọ́n ri ẹsẹ̀ ilé yìí mọ́. Mi ò ní fi ọwọ́ ara mi lé ẹnikẹ́ni kúrò nínú ẹ̀." Ó ń so okùn bàtà rẹ̀. "Àti pé òótọ́ ni, Faina. Mi ò yẹ̀ wọ́n wò."

Lóṣù kejì ọdún yìí, ẹni tuntun tó ń wọn ilẹ̀ jáde lábẹ́ ilé, ó ní ó ti padà sí mẹ́ta nísàlẹ̀ òdo. Kò sẹ́ni tó ń kó wa lọ síbì kankan. Mo gbé ọbẹ̀ ẹja, mo sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sọ fún Rimma. Orí bẹ́ẹ̀dì wa ló jókòó sí, kóòtù lọ́rùn, fìlà lórí, èémí rẹ̀ ń rú bí èéfín nínú yàrá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di abọ́ náà mú pẹ́ kó tó lè mu ún.

Nígbà tí mo padà sókè, Arseny na ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlé-gbóná. "Ṣé òtútù ò mú Rimma níbẹ̀?"

Mo ní kò mú un. Ó wò mí títí, ó sì kọjú sí ògiri.