Iyọ̀ Lórí Ọmọ Mi

Iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ tọ́ wò. Mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, mo gba ọmọ mi lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, mo fẹnu kan àtàrí rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe, ètè mi sì bá iyọ̀ bọ̀. Omi òjò tí a gbè sínú dúrọ́ọ̀mù la fi ń wẹ ọmọ nílé wa, kò sì sí ẹni tó ń bu iyọ̀ sí i. Mo bi wọ́n pé báwo ni iyọ̀ ṣe dé orí ọmọ. Wọ́n ń ṣa edé lórí atẹ nígbà náà, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Wọ́n ní, "Òógùn ni. Oòrùn mú lónìí."

Oòrùn mú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú òógùn wo ló ń wọ ọmọ nínú etí? Mo fi ìka kan etí rẹ̀, ó tutù. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, láàárín àpáta, níbi tí odò tó tóbi jù lọ lágbègbè wa kò ti kọjá orúnkún lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ Ìlàjẹ ni ọkọ mi. Orí òpó ni ilé rẹ̀ dúró sí lójú omi, afárá pákó ló so ilé kan mọ́ èkejì, tí omi bá sì kún, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa la ti ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rù omi ń bà mí, n kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń di igi ẹ̀gbẹ́ afárá mú bí arúgbó, àwọn ọmọdé á sáré gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé, ìyá ọkọ mi ní kí n jẹ́ kí àwọn kọ́ mi ní lúwẹ̀ẹ́. Mo ní kí wọ́n má bínú, aṣọ ni mo wá rán, n kò wá di ẹja.

Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rákò ni mo padà sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Mahintẹdó. Mo ti kọ́kọ́ ronú pé kí n máa pọ̀n ọ́n lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni mo ń wọ̀ lọ tí mo ń wọ̀ bọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ sì wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ló kù. Mo ní kí ọkọ mi kan pákó dí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kó tó padà sójú òkun, níbi tó ń bá àwọn elépo rọ̀bì ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dé etí omi rárá."

Wọ́n wo pákó náà, wọ́n fọwọ́ mì í wò bóyá ó le. Wọ́n ní, "Mo gbọ́." Inú mi dùn nígbà yẹn. Nígbà tí mo tọ́ iyọ̀ wò ni mo rántí pé wọn kò sọ pé àwọn gbà.

A ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, àwa ìyá ọmọ tuntun. Níbẹ̀ la ti ń bi ara wa léèrè nípa ọmú, nípa oúnjẹ ọmọ, nípa ọkọ tí kì í jí bí ọmọ bá ń sunkún. Mo ju ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà síbẹ̀. Ẹ wá wo ìdáhùn. Ẹnì kan ní kí n gbóòórùn ẹnu ọmọ, bóyá wọ́n ń rọ ọ́ lágbo. Òmíràn ní kí n tú aṣọ rẹ̀, kí n wo gbogbo ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta kàn béèrè pé ṣé kò sí nǹkan tèmi tó ń sọnù. Ìfura loògùn àgbà, ó ní, àwọn ìyá ọkọ kan wà tí wọn ò ṣeé fi ẹ̀yìn sí. N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mo tún un kà.

Nǹkan mi ń sọnù. Mo máa ń kó ègé aṣọ tó bá ṣẹ́kù bọ̀ wálé nínú àpò kan, kí n lè fi wọ́n ṣe ìrọ̀rí. Àpò náà ti ń fẹ́lẹ́ sí i. Ègé àǹkárá búlúù tí mo mọ̀ dájú pé mo kó wálé, n kò rí i mọ́. Nígbà tí mo tú aṣọ ọmọ, mo rí ìlà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí ìbàdí rẹ̀ ká. Kí ni wọ́n ń fi aṣọ mi ṣe? Kí ni wọ́n ń so mọ́ ọmọ mi?

Mo pe ọkọ mi. Atẹ́gùn ń fẹ́ nínú fóònù rẹ̀.

Ó ní, "Màmá mi ò lè pa ọmọ ọmọ wọn lára."

Mo ní, "Mo ha sọ pé wọ́n á pa á lára? Mo ní wọ́n ń parọ́ fún mi."

Ó ní kí n ní sùúrù. Ẹni tó wà lójú òkun ló ń fi sùúrù tọrẹ fún ẹni tó wà nílé.

Láti ìgbà náà ni mo ti di ọlọ́pàá nínú ilé ọkọ mi. Mo ń gbóòórùn ẹnu ọmọ, mo ń wo abẹ́ ìkòkò. Bí wọ́n bá gbé pupuru fún mi, màá kọ́kọ́ wò wọ́n lójú kí n tó bù ú. Wọ́n mọ̀. Wọ́n kàn ń jẹun tiwọn lọ ni. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n lọ sọ́jà edé, mo wá ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù, mo sì bá okùn méjì níbẹ̀, wọ́n ká wọn jọ dáadáa. Wọ́n ti ta ẹnu okùn kọ̀ọ̀kan ní kókó, ó ní ojú roboto, ègé aṣọ mi ni wọ́n sì fi wé e. Ojú okùn kan kéré, kò ju ìbàdí ọmọ lọ. Àǹkárá búlúù ni wọ́n fi wé èkejì, ó sì tóbi ju ohun tí wọ́n lè so mọ́ ọmọ ọwọ́ lọ. Èyí tó tóbi náà ló bà mí lẹ́rù jù. Mo dá wọn padà bí mo ti bá wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dágbére pé mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo dé èbúté, mo jẹ́ kí ọkọ̀ lọ. Mo bọ́ bàtà, mo fi ẹsẹ̀ lásán padà lórí afárá, mo rọra ń tẹ̀ ẹ́ kó má baà dún. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Wọ́n ti yọ pákó ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n fi í ti ògiri.

Ìyá ọkọ mi wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá àkàsọ̀, omi mù wọ́n dé àyà. Wọ́n so okùn kékeré mọ́ òpó ilé, ẹnu rẹ̀ kejì wà ní ìbàdí ọmọ mi. Ọwọ́ wọn ló wà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí mo ti ń wò, wọ́n yọ ọwọ́ náà. Omi bo ojú ọmọ mi.

Mo lọgun. N kò mọ ohun tí mo sọ. Kí n tó dé orí àkàsọ̀, ọmọ ti yí padà fúnra rẹ̀, ó ti léfòó, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, ó tu omi jáde lẹ́nu, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Rẹ ohùn rẹ sílẹ̀. Kò tíì bẹ̀rù omi, má fi ohùn kọ́ ọ."

Wọ́n gbé e sókè fún mi. Mo gbá a mọ́ra, omi iyọ̀ ń ṣàn sí mi láyà.

Mo ní, "Ẹ parọ́ fún mi, Màámi."

"Mo parọ́."

"Ẹ ní òógùn ni."

"Tí mo bá sọ òótọ́, ṣé wàá gbà?" Wọ́n gun àkàsọ̀ wá, wọ́n jókòó sórí pákó, wọ́n ń fún ìró wọn. "Bí a ṣe kọ́ ọkọ rẹ nìyí. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyí. Pákó tí ẹ kàn sẹ́nu ọ̀nà, omi á jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan, a ò ní mọ ọjọ́ náà."

Inú ń bí mi síbẹ̀. Mo ní ọmọ mi ni, èmi ni mo bí i, ó yẹ kí wọ́n bi mí. Wọn kò jiyàn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí.

"Ìyàwó, lọ́jọ́ tí mo bá lọ sọ́jà, tó já sómi lójú rẹ, kí lo máa ṣe?"

"Màá pariwo."

"Tí ẹnikẹ́ni ò bá gbọ́ ńkọ́?"

Mo wo omi náà láàárín àlàfo pákó, ó ń lọ ó ń bọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ọmọ mi fi ọwọ́ tútù gbá mi létí.

Wọ́n ní, "Ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe òun ni kì í jẹ́ kí n sùn."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, wọ́n mú okùn kejì wá. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n so ó mọ́ òpó lórí pákó níbi tó ti lè máa wò wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba orí mi ti ojú okùn ńlá náà bọ̀ mí, wọ́n fà á sọ̀kalẹ̀ títí ó fi dé ìbàdí mi, wọ́n so ẹnu rẹ̀ kejì mọ́ òpó. Aránṣọ ni mí, mo mọ ohun tó bá ni mu. Wọn kò fi téèpù wọ̀n mí rí, ó sì bá mi mu rẹ́gí.

Wọ́n kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn, omi dé orúnkún mi, ó dé ìdí mi. Nígbà tó dé àyà, mo di àkàsọ̀ mú, n kò lè fi í sílẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn mi bí wọ́n ti fi sábẹ́ ẹ̀yìn ọmọ.

Mo ní, "Màámi, ẹ má parọ́ fún mi o. Ẹ ò ní yọ ọwọ́?"

Wọ́n ní, "Màá yọ ọ́."

Mo fi àkàsọ̀ sílẹ̀.